Ìlà Funfun Tí Mo Fà ní Arámọkọ

Èmi ni mo da kábáìdì sí ìlà pápá nẹ́tíbọ́ọ̀lù ní Arámọkọ. Kì í ṣe Bàbá Ìkìrun tó kọ́ mi níṣẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni wọ́n dá lẹ́bi káàkiri. Kì í sì í ṣe àwọn ìyá tó ń darí ẹgbẹ́. Mo fẹ́ kí ẹ ti mọ ìyẹn kí ẹ tó kà síwájú, kí ẹnikẹ́ni má bàa rò pé mo jókòó láti fi ọgbọ́n yangàn.

Tíṣà tó ń kó ìtàn wọ̀nyí jọ fún ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ jáde ilé ẹ̀kọ́ ní kí olúkúlùkù wa sọ iṣẹ́ tó fi ayé rẹ̀ ṣe. Àgbà tó ti hewú ni àwọn yòókù tó bẹ̀. Èmi ò tí ì ní ewú kan lórí, ìwé mẹ́fà péré sì ni mo kà. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí mo kọ́ ti parí lọ́wọ́ mi. Mi ò ní padà sí i mọ́, nítorí náà mo lè sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin bí ẹni tó ti fẹ̀yìn tì.

Iṣẹ́ náà ni kí n máa ri òpó, kí n sì máa fa ìlà fún ẹgbẹ́ nẹ́tíbọ́ọ̀lù apá ọ̀dọ̀ wa, láti Ìjerò dé Arámọkọ, dé Ẹ̀fọ̀n. Bí ẹ kò bá tí ì wo eré náà rí, àwọn ọmọbìnrin ló ń ṣe é. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń ju bọ́ọ̀lù síra wọn, ẹni tó bá gbà á kò gbọdọ̀ sáré pẹ̀lú rẹ̀, òrùka irin tó wà lórí òpó ni wọ́n sì ń sọ ọ́ sí. Olúkúlùkù ló ní ibi tí kò gbọdọ̀ kọjá. Ẹni tí a ń pè ní ṣúútà ló ń sọ bọ́ọ̀lù sí òrùka, inú ìlà kan tó tẹ̀ bí ọrun níwájú òpó ló sì gbọ́dọ̀ dúró sí kó tó sọ ọ́. Nítorí náà ìlà ni òfin. Bí ìlà bá wọ́, kò ní pẹ́ tí ìyá ọmọ kan á fi tú gèlè rẹ̀ so mọ́ ìbàdí.

Kápẹ́ńtà ni Bàbá Ìkìrun, ọ̀gá mi. Ó ti dé Ìjerò kí wọ́n tó bí mi, síbẹ̀ kò yé fi èdè wa ṣe ẹ̀fẹ̀, torí pé à ń pe ilé ní ulé, à ń pe iṣu ní uṣu. Bó bá rán mi nílé, á ní, "Délé, lọ sí ulé, kí o má sì jẹ uṣu tán níbẹ̀." Ilé ẹ̀kọ́ kan ló kọ́kọ́ ní kó bá àwọn gbẹ́ òpó nẹ́tíbọ́ọ̀lù. Nígbà tó gbẹ́ òpó tán, ó rí i pé kò sẹ́ni tó mọ ibi tó yẹ kí òpó dúró sí, ló bá kọ́ bí wọ́n ṣe ń wọn pápá. Láti ìgbà náà ni ẹgbẹ́ ti ń wá a. Bàbá mi fà mí lé e lọ́wọ́ nígbà tí agbára ilé ẹ̀kọ́ kò sí mọ́. Owó iṣẹ́ náà kò tó nǹkan, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀ níbẹ̀.

Ní gbogbo ọdún àkọ́kọ́, mi ò fọwọ́ kan okùn. Eérú ni mo ń jọ̀. Eérú la fi ń fa ìlà nígbà náà, ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin tó ń yan gàrí ní Odò-Ọwà la sì ti ń kó o. Màá fi asẹ́ jọ̀ ọ́, màá tún un jọ̀. Bàbá á ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, á fi pa ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni ń pa ìpara. Bó bá rí kóró èédú kan péré nínú rẹ̀, á da gbogbo rẹ̀ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, á ní kí n padà sí Odò-Ọwà. Àwọn obìnrin ibẹ̀ á máa fi mí rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní ṣé ọ̀gá mi ń fi eérú náà se ọbẹ̀ ni.

Nígbà tó wá fún mi ní okùn, ìyà mìíràn dé. Okùn tó ní kókó ló fi ń wọn pápá. A óò kan èèkàn mọ́lẹ̀, a óò na okùn, Bàbá á dojú bolẹ̀ pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, á di ojú kan, á máa wo okùn náà láti ìdí. Bó bá tẹ̀ bí ó ti wù kó kéré mọ, á ní kí n tú u. Mo ti tú okùn ní Ìkògòsì rí nígbà tí àwọn ọmọ ti wọ aṣọ eré tán tí wọ́n ń retí wa, tí òjò sì ń ṣú bọ̀. Bàbá ò tiẹ̀ gbójú sókè.

Èyí tó le jù ni ti bàtà. Bí a bá fa ìlà tán, á bọ́ bàtà rẹ̀, á ní kí èmi náà bọ́ tèmi. A óò wá fi ẹsẹ̀ lásán rìn lórí ìlà náà láti igun dé igun. Lẹ́yìn náà la óò tún ibi tí a tẹ̀ ṣe. Lójú tèmi, iṣẹ́ àṣetúnṣe lásán ni. Lọ́jọ́ kan mo bi í pé kí ló dé tí a fi ń tẹ ohun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fà. Mo rò pé á bínú, kò bínú.

"Àwọn ọmọ yìí á ṣubú, Délé," ló wí. "Ibi tí wọ́n máa fi ojú gbá, ẹsẹ̀ wa ni kó kọ́kọ́ débẹ̀. Bó bá gún wa, bó bá ta wá lára, a ó ti mọ̀."

Bí ọdún ti ń gorí ọdún, nǹkan ń yí padà. Òpó onígi di páìpù irin. Òrùka tí alágbẹ̀dẹ ń rọ di èyí tí wẹ́dà ń fi iná jó pọ̀. Téèpù tí wọ́n fi ń wọn nǹkan dé, Bàbá sì gbà á, ṣùgbọ́n ó ṣì ń fi okùn rẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn. Ní Ẹ̀fọ̀n a dán ọ́ìlì dúdú tí wọ́n dà nù lára ọkọ̀ wò. Ìlà náà yọ dáadáa, ṣùgbọ́n ó mu aṣọ àwọn ọmọ, àwọn ìyá wọn sì bú wa títí a fi wọ ọkọ̀ padà sílé. Èmi ni nǹkan tuntun máa ń wù. Mo rò pé Bàbá kàn ń bẹ̀rù ayé tó ń lọ síwájú ni.

Ọ̀dọ̀ Ràúfù, wẹ́dà tó ń jó òrùka fún wa ní Arámọkọ, ni mo ti rí kábáìdì. Òkúta tí àwọn wẹ́dà ń jù sínú dúrọ́ọ̀mù pẹ̀lú omi ni, kó lè mú gáàsì jáde fún iná wọn. Bó bá jó tán, ẹrẹ̀ funfun ló máa ń ṣẹ́ kù. Ràúfù ti fi ẹrẹ̀ náà kun ògiri ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó funfun ju eérú lọ fíìfíì, afẹ́fẹ́ kò sì lè gbé e. Mo fọwọ́ kàn án. Ràúfù ní kí n tètè lọ ṣan ọwọ́ mi, pé ó máa ń jẹ ara. Ó fi ẹsẹ̀ rẹ̀ hàn mí níbi tó ti bó. Nígbà tí mo sọ fún Bàbá pé ká máa lò ó, kò jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀. Ó ní ohun tó ń jẹ ara wẹ́dà kò gbọdọ̀ wọ pápá òun.

Nítorí náà mo mọ̀. Kò sẹ́ni tó lè ní mi ò mọ̀.

Ọdún tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀ jẹ́ ọdún tí ẹgbẹ́ wa ń kánjú. Obìnrin tó jẹ́ alága, Màmá Alága ni gbogbo wa ń pè é, ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, ó sì ti pinnu pé ọdún náà kò ní parí kí wọ́n má mú ọmọ apá ọ̀dọ̀ wa sínú ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ó ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ń mú ọmọ ní Àkúrẹ́, àwọn tó wà nítòsí ni wọ́n ń mú, wọ́n á ní àwa wà lẹ́yìn òkè. Ìpàdé pọ̀ lọ́dún náà. Ìlú wo ló máa gba àlejò, ọkọ̀ ta ló máa gbé ọmọ, ta ló ba nẹ́ẹ̀tì jẹ́. Àwọn bàbá kan ní síkẹ́ẹ̀tì àwọn ọmọ kúrú jù, ẹgbẹ́ sì rán òmíràn tó gùn dé orúnkún. Àwọn ọmọ ní àwọn ò lè fò nínú rẹ̀. Màmá Alága á gbọ́ tọ̀tún, á gbọ́ tòsì, á máa fi gèlè nu ojú.

Ọmọ tí ó gbójú lé ni Bọ́sẹ̀, ṣúútà Ẹ̀fọ̀n. Ọmọ náà tẹ́ẹ́rẹ́, ó ga, ẹnu rẹ̀ sì mú. Bó bá rí mi lórí pápá, á ní, "Bùrọ̀dá Délé, ìlà yín tún wọ́ lónìí o, àbí ebi ló ń pa yín?" Ṣùgbọ́n bó bá gbé bọ́ọ̀lù sókè níwájú òpó, gbogbo ènìyàn á dákẹ́. Kì í kánjú. Bọ́ọ̀lù náà á kàn wọ inú òrùka bí ẹni pé ilé rẹ̀ ló ń lọ.

Bàbá Bọ́sẹ̀ kò fẹ́. Àgbẹ̀ ni, ọdẹ ni, Ògún ló ń bọ. Ó ní ọmọbìnrin tó ń fò sókè lójú àwọn ọkùnrin ìlú mìíràn, kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe? Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí Màmá Alága lọ bẹ̀ ẹ́, torí èmi ni mo ru òpó tuntun lọ sí Ẹ̀fọ̀n. Ó bẹ̀ ẹ́ títí. Níkẹyìn ọkùnrin náà gbé àdá rẹ̀ kalẹ̀, ó ní kó fọwọ́ kàn án kó ṣèlérí. Màmá Alága ní ọmọ ìjọ ni òun, ẹnu òun tó. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín díẹ̀.

"Ó dáa. Bí ẹ ṣe mú un lọ, ṣé bẹ́ẹ̀ lẹ máa mú un padà?"

"Bẹ́ẹ̀ gan-an ni màá mú un padà, bàbá."

Ìdíje tó kẹ́yìn ọdún bọ́ sí Arámọkọ, nínú ọyẹ́. Wọ́n ní àwọn tó ń mú ọmọ ní Àkúrẹ́ ń bọ̀ wá wo Bọ́sẹ̀. Orúnkún ń dun Bàbá Ìkìrun, ó ní kí n máa lọ ṣáájú láti àárọ̀ lọ fa ìlà, òun á bá ọkọ̀ àwọn ọmọ Ìjerò wá. Ìgbà àkọ́kọ́ tó máa fi pápá ìdíje ńlá lé mi lọ́wọ́ nìyẹn. Mi ò lè jẹun kí n tó kúrò nílé.

Mo na okùn, mo fa ìlà, ó gún régé. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ fẹ́, ó gbé eérú lọ. Mo tún un fà. Ó tún gbé e. Màmá Alága dé, ó dúró sí àárín pápá, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì.

"Délé, mi ò rí ìlà o. Ṣé ojú ẹ̀mí ni àwọn ará Àkúrẹ́ máa fi wò ó ni?"

Mo ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀, mà. Ọkàn tèmi kò balẹ̀. Àwọn ọmọ ti ń dé, àwọn kan ti ń na ara. Mo gba abọ́ ńlá kan, mo sáré lọ sọ́dọ̀ Ràúfù. Kò sí nílé. Mo bu ẹrẹ̀ funfun náà nídìí dúrọ́ọ̀mù rẹ̀, mo gbé e wá, mo fi fa ìlà tó tẹ̀ níwájú òpó méjèèjì, nítorí ibẹ̀ ni ìjà máa ń pọ̀ sí. Mo wá wọ́n eérú díẹ̀ lé e lórí, kí Bàbá má bàa dá a mọ̀ tó bá dé. Ó ṣì tutù lábẹ́. Bàtà mi wà lẹ́sẹ̀ mi. Mi ò bọ́ ọ.

Nígbà tí Bàbá dé, ó wo ìlà náà láti ẹ̀gbẹ́ pápá, ó mi orí. Ó ní mo ṣe dáadáa. Ó ṣọ̀wọ́n kó sọ bẹ́ẹ̀.

Wọ́n fọn fèrè. Bọ́sẹ̀ ń sọ bọ́ọ̀lù wọlé bó ṣe máa ń ṣe, àwọn àlejò Àkúrẹ́ sì ń tẹjú mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà bọ́ọ̀lù kan ga jù, òun àti ọmọ Ìjerò kan jọ fò sí i, wọ́n kọlura, Bọ́sẹ̀ sì ṣubú, ó fi ojú gbá ìlà. Nígbà tó dìde, gbogbo ojú rẹ̀ funfun. Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín, ó sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu òógùn àti ìyẹ̀fun náà kúrò lójú. Bó ṣe nù ún ni ẹ̀rín náà dúró.

Nọ́ọ̀sì tí ẹgbẹ́ pè wá sáré dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Èmi ni mo wà nítòsí jù. Ó yíjú sí mi.

"Kí ni ẹ fi fa ìlà yìí?"

Mo rí Bàbá tó ń tiro bọ̀. Mo rí Màmá Alága.

"Eérú ni, mà," ni mo wí. "Eérú tí a máa ń lò."

Nọ́ọ̀sì da ife omi kan sí i lójú, ó fi aṣọ nù ún, ó ní kó jókòó díẹ̀. Eérú lásán, á lọ. Bọ́sẹ̀ kò jókòó pẹ́. Ó mọ ẹni tó wá wo òun. Ó padà sórí pápá, ojú rẹ̀ pọ́n bí ata, ó ń ṣẹ́jú ṣáá. Mo dúró lẹ́bàá òpó, mò ń bẹ Ọlọ́run pé kó jẹ́ pé eérú tó wà lókè nìkan ló kàn án. Wọ́n ju bọ́ọ̀lù sí i. Ó gbé e sókè, ó dúró, ó dúró ju bó ṣe yẹ lọ, ó sọ ọ́. Bọ́ọ̀lù náà kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó, kò tiẹ̀ súnmọ́ òrùka. Kò sẹ́ni tó rí irú rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ rí.

"Mi ò rí òrùka mọ́," ló wí, kì í ṣe pẹ̀lú ariwo.

Ìgbà yẹn ni mo lọ bá Bàbá tí mo sọ fún un. Ó wò mí. Kò bú mi, kò nà mí. Ó ní, "Kí lo ṣì ń ṣe níwájú mi? Lọ sọ fún nọ́ọ̀sì." Mo sáré. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo débẹ̀, ohun tó jáde lẹ́nu mi ni pé, "Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé kábáìdì ti dà pọ̀ mọ́ eérú náà, mà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ ni."

Nọ́ọ̀sì pariwo pé kí wọ́n gbé omi wá, kí wọ́n gbé garawa wá. Wọ́n tẹ́ ọmọ náà sílẹ̀, wọ́n ń da omi sí i lójú láìdáwọ́ dúró, nínú ọkọ̀ pàápàá títí wọ́n fi dé ilé ìwòsàn. Mo gbé garawa kan lórí itan mi nínú ọkọ̀ náà. Bọ́sẹ̀ di ọwọ́ mi mú. Kò sunkún. Ó kàn ń béèrè pé ṣé àwọn ará Àkúrẹ́ ti lọ.

Ojú ọ̀tún rẹ̀ padà. Ti òsì kò padà. Ó dà bí gíláàsì tí èéfín bò.

Lọ́jọ́ tí bàbá rẹ̀ dé ilé ìwòsàn, Màmá Alága kúnlẹ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọkùnrin náà ò gbé ohùn sókè. Ó ní kó dìde, kó jẹ́ kí òun wọlé lọ wo ojú ọmọ òun. Nígbà tó jáde, ó fi fìlà bo ojú, ó sì gba ẹ̀gbẹ́ wa kọjá.

Ẹgbẹ́ pe ìpàdé. Kí n tó lanu, Bàbá Ìkìrun dìde, ó ní òun ni ọ̀gá mi, òun ló yẹ kó wà níbẹ̀ láti àárọ̀, ohun tí mo ṣe, òun ló ṣe é. Wọ́n ní kó má fọwọ́ kan pápá ẹgbẹ́ mọ́. Gbogbo ọdún tó fi tẹ́ ara rẹ̀ sílẹ̀ nínú eruku, bẹ́ẹ̀ ló ṣe parí. Nígbà tí a jáde, mo dọ̀bálẹ̀ fún un. Ó ní kí n dìde.

"Ẹ̀bi ti ìta ni mo bá ọ gbà," ló wí. "Èyí tó wà láàárín ìwọ àti ọmọ yẹn, mi ò lè bá ọ gbà á."

Ó ti padà sí Ìkìrun báyìí. Oko kòkó ni èmi ń ro ní Ìdó-Ilé. Ẹgbẹ́ ti da sìmẹ́ńtì sí pápá Arámọkọ, ọ̀dà ni wọ́n fi kùn ún, ìlà náà kò ní nílò ẹnikẹ́ni fún ìgbà pípẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń wá iṣẹ́, bí ẹ bá rí ọ̀gá tó le bíi tèmi, ẹ dúró tì í. Ẹ béèrè ìdí tó fi ń ṣe ohun tó ń ṣe, bó bá sì sọ ìdí rẹ̀ fún yín, ẹ gbà á gbọ́ pàápàá lọ́jọ́ tí kò sí níbẹ̀. Bí wọ́n bá bi yín ní ìbéèrè, ẹ dáhùn èyí tó jẹ́ òótọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Mi ò ní ẹ̀kọ́ mìíràn.

Mo lọ wo Bọ́sẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣí aṣọ lójú rẹ̀. Ó gbọ́ ohùn mi, ó yí orí pátápátá kó tó rí mi.

"Bùrọ̀dá Délé, ẹ ṣeun o," ló wí. "Dókítà ní bí kì í bá ṣe pé ẹ tètè sọ nígbà tí ẹ mọ̀, méjèèjì ni ì bá lọ."

Mo ní kò tọ́pẹ́.

Ó ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní nẹ́tíbọ́ọ̀lù ní Ẹ̀fọ̀n báyìí. Nígbàkigbà tí a bá pàdé lọ́jà, á pe àwọn tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀, á ní bùrọ̀dá tó gba ojú òun là nìyí, ẹ kí i. Wọ́n á kúnlẹ̀ kí mi. Ọpẹ́ yẹn kì í ṣe tèmi, ó sì wà lọ́wọ́ mi láti ìgbà náà. Gbólóhùn kan ni mo jẹ Bọ́sẹ̀: pé nígbà tí nọ́ọ̀sì kọ́kọ́ bi mí, mo ti mọ̀.

Tíṣà ní wọ́n á pín ìwé yìí dé gbogbo ilé ẹ̀kọ́ tó wà lápá ọ̀dọ̀ wa. Mo gbọ́dọ̀ dé Ẹ̀fọ̀n kí ó tó débẹ̀. Bí mo ṣe ń kọ èyí, mi ò tí ì lọ.